Agbára Tó Lè Gbé Àgbàlagbà Kan

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Igbákejì bàbá rẹ̀, ọmọ tó mọ ilé tó gbàgbé ọ̀nà,

Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì gbé ọ mì? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, bí o bá fẹ́ mọ̀. Láti ìgbà tí ọdún ti yí ni mo ti ń kọ lẹ́tà sí ọ, ẹyọ kan lo dáhùn, ó sì kúrú ju ìwé tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí òbí ọmọ tó tọ̀ sára nílé ìwé nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà. Má sọ fún mi pé o pè mí lórí fóònù. Fóònù kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ délẹ̀. Kí n tó kí ọ tán, o ti ní, "Màámi, mo ń bọ̀, wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Mo lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. A jókòó de dókítà lórí bẹ́ǹṣì gígùn yẹn tó máa ń dun èèyàn nídìí, ni nọ́ọ̀sì kan bá jáde sí wa, ọmọdébìnrin kan báyìí tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun fún àwa àgbà. A ó máa wá sábẹ́ ìbòòji ẹ̀yìn ilé ìwòsàn láti máa gbé nǹkan tó wúwo, kí iṣan wa lè padà le. Ó ní dókítà ló ní kí wọ́n ṣe é, nítorí oògùn nìkan ò lè gbé èèyàn dìde. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i, kó na ọwọ́ sókè.

Ńṣe ni gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó jẹ́ awakọ̀ tẹ́lẹ̀ bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ rán òun lọ síbi ìjàkadì ni, òun tí òun ò rí eyín fi jẹun. Èmi na ọwọ́.

Nọ́ọ̀sì wá ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí la fẹ́ fi agbára náà ṣe. Ẹnì kan fẹ́ gun àtẹ̀gùn láì mí hẹlẹ. Awakọ̀, tí wọ́n ti tàn títí tó fi gbà, fẹ́ máa gbé ọmọ ọmọ rẹ̀. Èmi sọ pé mo fẹ́ lè gbé àgbàlagbà kan dìde nílẹ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ̀yin fúnra yín ni, àbí, Mà? Bí ẹ bá ṣubú?" Mo wò ó, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ lèèyàn ń là yé ọmọ ọlọ́mọ.

Ìwọ lo wá kàn. Iṣẹ́ rẹ lọ́hùn-ún ni kí o máa gbé àwọn arúgbó tí kò lè rìn mọ́. Báwo lẹ ṣe ń gbé ẹni tó wà nílẹ̀, tó wúwo jù yín lọ? Kọ ọ́ fún mi fínnífínní.

Àbúrò mi aránṣọ kí ọ. Ó ní o ò kí òun.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ má bínú sí mi, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n gbórí sókè. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín débi pé ẹni tí a jọ ń gbé ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Inú mi dùn pé ẹ na ọwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń gbé níbí, ká ní wọ́n ti rí irú rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń gbé wọn, wọn ì bá má dọ̀dọ̀ mi.

Mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Láti ìgbà tí Bàbá ti ṣubú ní balùwẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, tí ẹ ò lè gbé wọn, tí ẹ sáré lọ ké sí àwọn èèyàn, tí ẹ sì padà wá bá wọn pé wọ́n ti jáde láyé, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ronú pé tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣubú, ta ni yóò gbé yín? Ọdún kẹta rèé tí èmi náà ti ń rò ó.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A kì í fa ọwọ́ èèyàn, apá á yẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀, kó mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń wúwo ju ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó fi ìgúnpá tẹlẹ̀, kó wá kúnlẹ̀, kí àga tó dúró dáadáa sì wà níwájú rẹ̀ tí yóò gbára lé. Orúnkún lẹ ó tẹ̀, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ wà nílẹ̀, ọ̀nà kan náà lẹ ó gbà dìde. Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbí tó ju gbogbo ìyẹn lọ: èèyàn méjì ní í gbé èèyàn kan. Bí ìgbà tí mo wà ní kékeré tí mò ń di orí kejì pákó mú fún Bàbá nídìí iṣẹ́ káfíńtà wọn ni, tí wọ́n á ní, "Igbákejì, ojú lọ̀lẹ," tí pákó náà á sì gbéra.

Màámi, Àǹtí aránṣọ sọ fún mi pé ẹ ti ti balùwẹ̀ pa, pé ilé ìdáná lẹ ti ń wẹ̀ nínú bàsíà. Kí ló dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa bá wọn gbé. Ilé yẹn ti tóbi jù fún ẹnì kan.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Igbákejì,

O ṣeun fún ẹ̀kọ́ tí o kọ́ mi. Mo ti há a sórí bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ń há àkọ́sórí.

Àbúrò mi yẹn, ẹnu rẹ̀ yá ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Mi ò ní í bá a gbé. Ó ń hanrun, ó sì máa ń da abẹ́rẹ́ sórí àga. Ilé mi kò tóbi jù. Mo ti balùwẹ̀ kí àlejò má baà ṣí i láìmọ̀, kó lọ dà á láàmú níbi tó wà. Jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Gbọ́ ti ilé ìwòsàn. Ìgò tí wọ́n rọ iyanrìn sí la fi bẹ̀rẹ̀. A ó jókòó sórí àga, a ó ká apá wa mọ́ àyà, a ó dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo dìde dé ìlàjì, mo jókòó padà gbì. Wọ́n tún so rọ́bà gígùn mọ́ irin fèrèsé tí à ń fà. Nọ́ọ̀sì ní ká máa mí síta nígbà tí a bá ń gbé ẹrù. Awakọ̀ mí síta láti ibi tí kò yẹ, a ò lè ṣe nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ agbára ń dé, ọmọ mi. Korobá omi tí mo máa ń pín sí méjì, mò ń gbé e lẹ́ẹ̀kan báyìí. Dókítà fúnra rẹ̀ jáde wá wò mí, ó tẹ apá mi, ó ní kí àwọn tó kù wá wo ìyá olùkọ́. Mo ṣe fáàrí díẹ̀.

Mo ní ìbéèrè míì. Bí ara ẹni náà bá tutù ńkọ́, tí omi wà lára rẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń yọ̀? Bí kò bá ràn ọ́ lọ́wọ́ rárá, tó kàn ń wò ọ́?

Lánàá, mo rí àtẹ́lẹwọ́ kan lára ilẹ̀kùn balùwẹ̀, níta, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà nílẹ̀ lè dé. Omi ni. Ìka mẹ́rin àti àbọ̀. Mo fi aṣọ nù ún kí àbúrò mi tó wọlé.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Màámi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi iṣẹ́ wa, mi ò sì mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀.

Bí ara bá tutù, táwẹ́ẹ̀lì ńlá la máa ń gbà yí onítọ̀hún ká lábẹ́ apá, òun la ó dì mú, kì í ṣe ara rẹ̀. A ó kọ́kọ́ nu ilẹ̀. Bí kò bá ràn wá lọ́wọ́, a kì í kánjú. A ó máa bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi rántí pé òun náà lẹ́sẹ̀. Mo dá yín lóhùn nítorí pé ọwọ́ mi ti mọ́ ọn, kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀.

Ta ni, Màámi? Ta ni ẹ ò fẹ́ kí àlejò dà láàmú nínú balùwẹ̀ tí ẹ ti tì pa? Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé mi tí ayùn gé ìka rẹ̀ sí àbọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, èmi ni mo di orí kejì pákó tó ń gé mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

O bi mí, màá sọ. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù nítorí inú ilé ni mo ti ń gbà á, ó sì máa ń gbọ́.

Bàbá rẹ ni. Ọ̀sán gangan ló máa ń jẹ́, nígbà tí oòrùn bá mú, tí àdúgbò dákẹ́, tí àwọn ọmọ ilé ìwé kò tíì dé. Màá kọ́kọ́ gbọ́ tí omi ń kán. Ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ yẹn ti gbẹ láti èṣí. Lẹ́yìn náà ni yóò pè mí. Kì í ṣe ohùn ẹni tó ń kú o. Ohùn tó fi máa ń pè mí tí kò bá rí bàtà rẹ̀ ni. Á ní, "Tíṣà, wá gbé mi."

Nígbà tó kọ́kọ́ pè mí, mo dìde, mo lọ, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jẹun. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ó wà níbẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́sí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, omi ń ro lára rẹ̀. Ó na ọwọ́. Mo dì í mú, mo fà á. Ó wúwo, ọmọ mi. Kò mì. Ó wá gbójú sókè wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn kí n tó sáré jáde. Ẹ̀rù ò bà mí. Ojú ló tì mí. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé pákó kí èmi àti ìwọ lè jẹun, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò rẹ́ni gbé e. Mo ní kó ní sùúrù, mo bá ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ agbára na ọwọ́, kí lo fẹ́ kí n ṣe?

Má sọ fún mi pé orí mi ti ń dàrú. Mo ṣì lè ka ìsodipúpọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìwòwé, wá dán mi wò. Àpò iyanrìn ni mò ń gbé báyìí. Mo máa ń tẹ orúnkún, mo máa ń gbá a mọ́ra, mo máa ń dìde. Nọ́ọ̀sì ní ó kù díẹ̀ kó tó ìwọ̀n ọkùnrin tó sanra. Mo ní bàbá rẹ kò sanra púpọ̀. Ó rò pé àwàdà ni.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Màámi mi,

Mo bẹ yín, mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin. Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún yín. Òfin èèyàn méjì tí mo kọ sí yín, orí ìwé ló wà. A ò tó níbí. Èmi nìkan ni mò ń gbé àwọn èèyàn yìí láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn mi sì ti kọṣẹ́. Mo máa ń fi aṣọ dì í kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa ní bí mo bá fi lè jẹ́ kí ẹnì kan bọ́ lọ́wọ́ mi, kí n má padà wá. Torí náà mo mọ ohun tí mò ń wí. Mo ti rí i ní àìmọye ìgbà: ẹni tó ń ṣubú á di ẹni tó ń gbé e mú, á sì fà á lọ sílẹ̀ mọ́ra. Kì í ṣe ìkà ló mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń wá ibi tó máa dì mú ni.

Bí Bàbá bá dì yín mú tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ lọ ńkọ́? Bí ẹ bá sì gbé wọn dìde, níbo lẹ máa gbé wọn sí? Mo ti pàdánù ọ̀kan nínú balùwẹ̀ yẹn. Mi ò lè pàdánù méjì.

Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kí n lè wá sílé. Ẹ dúró dè mí. Ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ Àǹtí, ẹ fara da híhanrun wọn. Ẹ dá mi lóhùn ní kíá.

Ọmọ yín


Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà

Màámi,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo pe Àǹtí, wọ́n ní ara yín le, pé ẹ̀ ń lọ sí ilé ìwòsàn yín, pé ẹ ní kí n fi yín lọ́rùn sílẹ̀, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo lá a ni.

Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó yọ̀ bọ́ lórí àga sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Mo tẹ aago, ẹnikẹ́ni ò wá. Mo gba táwẹ́ẹ̀lì yí i ká, mo tẹ orúnkún, mo gbé e. A ò tíì dé ìlàjì tí ẹ̀yìn mi fi já mi kulẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti tán. Ìyá ń bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè dá a dúró.

Ni apá kejì bá gbéra.

Màámi, ó fúyẹ́. Ẹnì kan ti di táwẹ́ẹ̀lì náà mú ní òdìkejì. Mo rí ọwọ́ náà, ó tóbi, omi ń kán lára rẹ̀, ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò mọ ní àbọ̀. Mi ò lè gbójú sókè wo ẹni tó ni ín. Mo kàn gbọ́ lẹ́bàá etí mi, bí ẹni tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́: "Ojú lọ̀lẹ."

A gbé ìyá náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní èdè wọn, àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí orí sí òdìkejì, níbi tí mi ò rí ẹnikẹ́ni, ó tún dúpẹ́ níbẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ tútù wà lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó tì í títí ó fi gbẹ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi kò dùn mí mọ́.

Kí lẹ ṣe lánàá, Màámi?

Ọmọ yín


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Igbákejì,

Àbúrò mi fẹ́ gba iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá, mo ní kó dúró kí n kọ èyí kíákíá. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Lẹ́tà tí o fi bẹ̀ mí dé ọwọ́ mi. Mo sunkún nítorí ẹ̀yìn rẹ. Mi ò dáhùn nítorí pé mi ò fẹ́ purọ́ fún ọ, mi ò sì fẹ́ kí o dá mi dúró.

Lọ́sàn-án yìí, ó pè mí. Mo gbé àga kan dání, mo mú táwẹ́ẹ̀lì ńlá. Mo nu ilẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un kí n tó fọwọ́ kàn án, bí o ṣe kọ́ mi. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ìgúnpá tẹlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mo tẹ orúnkún, mo mí síta, mo ní, "Bàbá Igbákejì, ojú lọ̀lẹ." Kò fúyẹ́ o. Ó wúwo bí ọkùnrin ṣe ń wúwo. Ṣùgbọ́n agbára mi tó. Ó dìde, ọmọ mi. Ó dìde lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó sórí àga. Kò fà mí mọ́ra. Mo nu orí rẹ̀.

Ó bèèrè rẹ. Mo sọ irú iṣẹ́ tí ò ń ṣe, mo sọ pé èèyàn méjì ló yẹ kó máa gbé èèyàn kan níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń bá a di orí kejì mú?" Mo ní kò sí.

Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó tí mi ò tíì yọ ọ́ kúrò láti ọjọ́sí, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde sínú oòrùn. Kò wẹ̀yìn. Omi ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí dé géètì, ibẹ̀ ni oòrùn ti lá a. Mo fi ojú sìn ín. Mi ò sọ pé kó dúró, bó tilẹ̀ wù mí.

Mo ti ṣí balùwẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀. Lọ́la, màá lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì máa bi mí pé kí ni mo tún fẹ́ fi agbára ṣe, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá sọ.

Bí ọwọ́ tútù kan bá kàn ọ́ níbi iṣẹ́, má pariwo. Di orí tìrẹ mú dáadáa.

Ìyá rẹ